Airstream 1967, Ford Country Squire 1965: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

AkínLọ́nà (Georgia)

Mo kí gbogbo ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti dé orí tèmi báyìí. Mo ra Airstream Caravel ọdún 1967 kan, tírélà tí ènìyàn lè sùn nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ jẹ́ páànù àlùmíníọ̀mù, ẹsẹ̀ bàtà 17, oní-axle kan (ọ̀pá kan ṣoṣo tó gbé táyà méjì). Abẹ́ igi ló wà nínú oko bàbá òyìnbó kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò sí ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀: sítóòfù, fíríìjì, bẹ́ẹ̀dì, ilé ìwẹ̀ kékeré, gbogbo rẹ̀ ló wà bí wọ́n ṣe kó o jáde nílé iṣẹ́. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ fi fà á ti wà nílẹ̀: Ford Country Squire 1965, ẹ́ńjìnnì 390, èyí tí wọ́n lẹ ayédèrú pákó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí èmi àti ìdílé mi fi méjèèjì gba Blue Ridge Parkway, ọ̀nà orí òkè yẹn, lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ dán ara tírélà náà kó máa kọ yànràn. Ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìdáná ni kí n mú kọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ má sì fi owó dẹ́rù bà mí jù.

Bàbá Páànù (Texas)

Akin, o kú oríire o. Bá mi bẹ ìyàwó rẹ, dídán ló máa gbẹ̀yìn. Mú sukurudiráfà, kúnlẹ̀ sínú tírélà náà, kí o máa fi ẹnu rẹ̀ gún púláìwúùdù ilẹ̀ káàkiri etí ògiri. Má yọ ara rẹ lẹ́nu pẹ̀lú àárín, àárín kì í sábà jẹrà. Ẹ̀yìn pátápátá, ẹnu ọ̀nà, àti abẹ́ fèrèsé iwájú ni kí o ti fara balẹ̀. Bí irin náà bá wọlé bí ìgbà tí wọ́n ki ìka bọ ẹ̀kọ tútù, o ti rí iṣẹ́ rẹ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe kan Airstream ló fà á tí mo fi ní kí o ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Irin ló wà nísàlẹ̀, púláìwúùdù wà lórí irin, ara páànù wá jókòó lé etí púláìwúùdù yẹn. Bóòtù ló gba àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá tó so wọ́n pọ̀. Omi tó bá gba ojú fèrèsé tàbí ẹ̀yìn iná bíréèkì wọlé, ó ń ṣàn bá ògiri lọ sí etí yẹn ni. Bí etí bá ti jẹrà, bóòtù kò di nǹkan kan mú mọ́. Ilé á wà lọ́tọ̀, irin á wà lọ́tọ̀, ìwọ á sì máa fà á lójú títì ní máìlì 60 ní wákàtí.

Nǹkan kejì tí wàá dán wò: ní kí ẹnì kan tó sanra dúró lórí bọ́ńpà ẹ̀yìn, kó máa fò díẹ̀díẹ̀. Ìwọ tẹjú mọ́ ibi tí páànù ti pàdé bọ́ńpà. Bí bọ́ńpà bá ń lọ sílẹ̀ tí ara tírélà kò bá a lọ, wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ nìyẹn. Má fà á lọ ibi kankan.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Kó tó kúnlẹ̀ o! Tírélà tó wà lábẹ́ igi lóko, eku ti kọ́ ilé sínú ògiri rẹ̀, mo fi dá yín lójú. Àbúrò, ẹ wọ ìbòmú N95 àti ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ fẹ́ sínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku, ẹ má sì fi ẹ̀rọ fa á. Ẹ bu omi tí ẹ po bleach sí wọ́n ọn kó rin gbingbin, ẹ fi bébà nù ún, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ so ó. Àrùn hantavirus wà nínú eruku yẹn ní Amẹ́ríkà yìí, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà, ó sì ń pa ènìyàn. Òwú tó wà láàrin páànù inú àti páànù òde, tí eku bá ti tọ̀ sí i, kò sí ohun tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Káfíńtà (Ohio)

Òótọ́ ni Bàbá Páànù sọ. Tèmi nítòsí Jackson Center níbí, níbi tí Airstream ti ń ṣe tírélà láti ọdún 1952, ni pé kí ẹ má fi púláìwúùdù tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sè sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń ta pákó á sọ fún yín pé kì í jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í jẹrà, àmọ́ bàbà tó wà nínú oògùn yẹn á jẹ àlùmíníọ̀mù tó bá kàn án. Púláìwúùdù tí wọ́n fi ń kan ọkọ̀ ojú omi ni kí ẹ rà, tàbí èyí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ lè gba òjò. Kí ẹ tó tẹ́ ẹ, ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù olómi tó máa ń le, pa gbogbo etí rẹ̀, àti inú gbogbo ihò tí ẹ bá lu.

Lójú tèmi, bí ẹ̀yìn bá ti jẹrà, ẹ gbé ilé kúrò lórí irin. Ẹ fi igi de inú rẹ̀ kó má baà wọ́, ẹ gbé e sókè, ẹ ti irin jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ha irin náà, ẹ pààrọ̀ ibi tó ti ju, ẹ kun ún, ẹ tẹ́ ilẹ̀ tuntun, ẹ sọ ilé kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ máa ṣe é.

Bàbá Páànù (Texas)

Káfíńtà, mi ò bá ọ jiyàn, àmọ́ má jẹ́ ká dẹ́rù ba ọmọ yìí. Caravel kéré. Bí irin rẹ̀ bá ṣì le, tó jẹ́ pé etí nìkan ló jẹrà, ó lè gé ilẹ̀ náà ní apá-apá, kó máa ti tuntun wọ abẹ́ páànù láìgbé ilé sókè. Irin ló máa sọ èyí tó máa ṣe. Akin, yọ páànù abẹ́ kó o tó pinnu. Fi òòlù lu irin náà káàkiri, ní pàtàkì apá tó na jáde síbi táyà àti ọ̀pá méjì tó kẹ́yìn. Irin tó dára máa ń dún gan-an. Èyí tó ti ju kì í dún, á kàn gba òòlù mọ́ra.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì gbà: bí o bá ti yọ páànù inú, má fà á kúrò lójú kan. Páànù inú àti páànù òde ló jọ ń gbé ẹrù. Bí ọ̀kan bá kúrò, èkejì á máa wọ́, rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó tó so páànù pọ̀, á sì máa já.

Irin àti àlùmíníọ̀mù kì í ṣọ̀rẹ́, rántí o. Bí omi bá wà láàrin wọn, àlùmíníọ̀mù á máa hu ìyẹ̀fun funfun títí á fi lu. Kun irin dáadáa, fi téèpù sí ojú ibi tí wọ́n ti kan ara wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìṣó irin lásán kan páànù yẹn fún ọ.

AkínLọ́nà (Georgia)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti wọ ìbòmú, mo ti gún un. Ẹ̀yìn rọ̀ látòkè délẹ̀, ẹnu ọ̀nà náà rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fò lórí bọ́ńpà, bọ́ńpà ń lọ, ilé ò lọ. Mo yọ páànù abẹ́: ọ̀pá méjì tó kẹ́yìn ti ju, ìyókù ń dún. Mo tún rí i pé apá tí táyà wà lórí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn? Ìbéèrè kejì: fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan ti sán. Gíláàsì rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀, kò sì ní férémù. Àwọn tó ń ta gíláàsì ládùúgbò ní àwọn ò ní irú rẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Háà! Gíláàsì Corning ni. Ọdún 1966 sí 1968 nìkan ni Airstream lò ó. Wọn ò ṣe é mọ́, ẹni tó bá ní i kì í sì tà á pọ́ọ́kú. Àbúrò, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ yọ àwọn tí kò tíì sán, ẹ wé wọn, ẹ gbé wọn sínú ilé níbi tí àwọn ọmọ ò ní dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ti fèrèsé yẹn láti inú kó lè ṣí, rọ́bà rẹ̀ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, gíláàsì á sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Omi ọṣẹ àti ọ̀bẹ tín-ínrín tó gùn ni kí ẹ fi yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Fún èyí tó ti sán, àwọn kan máa ń fi polycarbonate, ike líle tó mọ́ kedere, rọ́pò rẹ̀. Ó ń há, àmọ́ òjò ò ní wọlé.

Bàbá Páànù (Texas)

Axle yẹn ti kú. Kò ní sípíríǹgì bíi ti ọkọ̀ tó o mọ̀. Àwọn rọ́bà gígùn ló wà nínú ọ̀pá yẹn, àwọn ló ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Rọ́bà tó bá jókòó síbì kan fún ogún ọdún, á le gbagidi. Apá yẹn gbọ́dọ̀ dorí kọ ilẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. Bó bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó kọjú sókè, gbogbo kòtò ojú títì, ara páànù lo fi ń gbà á. Ìdí nìyẹn tí rífẹ́ẹ̀tì fi ń já léraléra lára àwọn tírélà kan tí olówó wọn kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Kò sí àtúnṣe. Tuntun ni wàá rà. Wọ́n á béèrè ìwúwo tírélà, bí táyà kan ṣe jìnnà sí èkejì, àti bí apá yẹn ṣe máa dagun tó. Ní kí wọ́n fi bíréèkì oníná, bẹ́árìn àti shock, ohun tó ń dín jíjó rẹ̀ kù, sí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ibi tí owó rẹ máa lọ jù nìyẹn lẹ́yìn ilẹ̀, àmọ́ tí mo bá ní owó ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo, axle ni mo máa rà ṣáájú sítóòfù.

Rìwáyà (Houston)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè pa ènìyàn. Iná 120 volt inú tírélà: neutral (wáyà tó ń dá iná padà) àti ground (wáyà tó lọ sí ilẹ̀) kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nínú ilé wa, wọ́n máa ń so wọ́n pọ̀ níbi tí iná ti kọ́kọ́ wọlé. Ní àgọ́ tí ẹ bá gúnlẹ̀ sí, wọ́n ti so wọ́n kí iná tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá tún so wọ́n nínú tírélà, iná lè máa gba ara páànù. Gbogbo ilé yẹn kúkú ni páànù. Ẹni tó bá dúró lórí koríko tútù tó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, iná á gba ara rẹ̀ kọjá lọ sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ fi tester kan páànù òde ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ki plug.

Àpótí tó ń sọ iná 120 di 12 tó sì ń gba bátìrì, Univolt ni wọ́n ń pè é nínú Airstream ayé ìgbà yẹn. Ó ń kùn ṣáá, ó sì máa ń gba bátìrì kọjá ààlà títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Ẹ yọ ọ́. Bó bá wù yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀ṣọ́, àmọ́ ẹ fi tuntun ṣiṣẹ́.

Wáyà tó ti iwájú wá, èyí tó máa ki mọ́ Ford: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ rẹ̀. Wáyà ayé ìgbà yẹn kò bá ti òde òní mu, àwọn tó sì ti tún un ṣe láti ìgbà yẹn ti lo àwọ̀ tó wù wọ́n. Ẹ fi iná bátìrì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ sí wọn lára, kí ẹ tó so plug ẹlẹ́nu méje. Wáyà bíréèkì gbọ́dọ̀ nípọn, 10 gauge, kó wá tààrà láti bátìrì Ford pẹ̀lú circuit breaker, ohun tó ń pa iná bó bá pọ̀ jù, láàrin. Ẹ má fà á láti ibi fíúùsì rédíò. Mo ti rí i.

Ford 1965 náà, oríire yín ni pé ọdún yẹn ni Ford bẹ̀rẹ̀ sí í lo alternator dípò generator láti máa gba bátìrì, volt 12 sì ni. Ká ní ọkọ̀ ọdún 1950 sí 53 ni, volt 6 là bá máa bá jà, bíréèkì tírélà ò sì ní gbọ́. Síbẹ̀, ẹ fi relay, swíìsì tó lè gbé iná púpọ̀, sí iná tírélà, nítorí swíìsì iná ọkọ̀ yẹn kò lágbára láti gbé iná ọkọ̀ méjì. Flasher (ohun tó ń mú iná ìyà ọ̀nà ṣẹ́jú) tó lè gbé iná púpọ̀ náà, ẹ má gbàgbé.

Awakọ̀ Àgbà (North Carolina)

Mo ti gbọ́ ti ilẹ̀ àti ti wáyà. Ọkọ̀ tó ń fà á ńkọ́? Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wa tírélà ńlá ní ìpínlẹ̀ yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ Parkway yẹn dáadáa. Máìlì 45 ní wákàtí ni wọ́n fi ìwọ̀n eré rẹ̀ sí, ó dára fún ọkọ̀ àgbà. Ìgùnkè àti ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Akin, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Ford rẹ. Wo master cylinder, ohun tó ń ti epo bíréèkì lọ sí táyà. Ojú ihò kan ṣoṣo ló ní. Kó tó di ọdún 1967, bí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń mu epo bíréèkì látinú agolo kan. Bí páìpù kan bá já tàbí wheel cylinder kan (èyí tó wà nídìí táyà) bá jò, ẹsẹ̀ rẹ á lọ sílẹ̀ pátá, kò sì ní sí bíréèkì níbì kankan. Pẹ̀lú tírélà lẹ́yìn, lórí òkè. Yí i sí olójú méjì kó o tó ronú Parkway. Bí owó bá wà, yí bíréèkì táyà iwájú méjèèjì sí disc (bíréèkì oní-àwo) pẹ̀lú. Drum (bíréèkì oní-ìlù) mẹ́rin máa ń gbóná, bó bá sì ti gbóná tán, kò ní di nǹkan mú mọ́ títí á fi tutù.

Kí o wá fi brake controller sí i, irú èyí tó ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń dín eré kù díwọ̀n iná tó ń rán sí bíréèkì tírélà. Wàá rí àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n so mọ́ epo bíréèkì ọkọ̀, tí àwọn ènìyàn ń tà pé ó bá ọdún ọkọ̀ mu. Fi sílẹ̀. Controller òde òní ní ọwọ́ kékeré kan tó o lè fi ọwọ́ tì, tírélà nìkan ló máa di bíréèkì mú. Bí tírélà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jùrù sọ́tùn-ún sósì, má tẹ bíréèkì ọkọ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí accelerator, di ìdarí mú gírígírí, fi ọwọ́ ti ọwọ́ kékeré yẹn. Tírélà á fà sẹ́yìn, á sì tọ́.

Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, gíà tó kéré ni kó o fi sọ̀kalẹ̀. Kó o ti yí i kó o tó dórí òkè. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tán, ó ti pẹ́.

Rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ tutù. Fún mẹkáníìkì tó mọ rédíétọ̀ ní tìrẹ kó pààrọ̀ inú rẹ̀, kó fi bàbà olójú púpọ̀ sí i, fi shroud, ìbòrí tó yí fáànù ká, sí ẹnu fáànù, fi rédíétọ̀ kékeré sí epo gíà. Wò ó bóyá iná kékeré ni Ford yẹn fi ń sọ ìgbóná, tí kò ní nọ́ńbà. Nígbà tí iná yẹn bá tàn, ẹ́ńjìnnì ti ń sè. So gauge mọ́ ọn. Tún bi ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ bóyá ó ti fi valve seat (ibi tí valve ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé) tó le sí orí rẹ̀. Epo tí a ń rà kò ní lead nínú mọ́, ẹrù wúwo ló sì ń jẹ valve seat tí kò le.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ẹ̀yin ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ mo fẹ́ sọ tèmi. Pick-up tuntun ni mo fi ń fa tèmi. Bíréèkì rẹ̀ dára, ó ní ABS tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà mú pátápátá, àwọn ọmọ mi wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ àtijọ́ wa, òde àríyá la ń gbé e lọ. Ta ló sọ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni Ford gbọ́dọ̀ fà á? Ẹ kọ́kọ́ fi ọkọ̀ tuntun fà á fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ mọ bí tírélà náà ṣe ń ṣe, kí tírélà àti Ford má baà máa bàjẹ́ pọ̀ lójú ọ̀nà kan náà.

Awakọ̀ Àgbà (North Carolina)

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àgbà lẹ sọ. Mo gbà.

Ṣẹ́gunOlú (Chicago)

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo ní Peugeot 504 station wagon kan tí mo ti fi gbogbo ara tọ́jú, irú èyí tí wọ́n fi ń kó wa láti Ìbàdàn lọ sí Kàdúná. Ṣé kò lè fa irú Caravel yìí?

Bàbá Páànù (Texas)

O rán mi létí gáréèjì. Rárá, ọmọ mi. 504 lágbára, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ Caravel tó kún fún omi, gáàsì àti ẹrù ìdílé ju ohun tó yẹ kó máa fà lọ. Wá Boler tàbí Scamp ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 13. Winnipeg ní Kánádà ni Boler ti jáde lọ́dún 1968, Scamp sì jẹ́ ti Minnesota. Fiberglass ni ara wọn, èèpo méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Kò sí igi láti jẹrà nínú ògiri, wọn ò wúwo, 504 á fà wọ́n. Bíréèkì oníná ṣì pọn dandan o.

Ọmọ Ìjẹ̀bú (Leeds)

Kí n dá ti ọ̀dọ̀ wa sí i, nítorí mo rí i pé àwa mélòó kan wà níbí láti Gẹ̀ẹ́sì. Carlight, Cheltenham, Eccles (Eccles ti wà láti ọdún 1919), Sprite tí Sam Alper dá sílẹ̀: igi ni egungun wọn, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe ilẹ̀ nìkan lẹ máa gún, gbogbo ògiri ni, ní pàtàkì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ yá ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin inú igi kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́.

Bíréèkì tiwa kì í lo iná. Bí ọkọ̀ bá dín eré kù, tírélà á ti ọ̀pá iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀pá á fa bíréèkì. Nínú àwọn ti àtijọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ̀kalẹ̀ lọ dá ọ̀pá yẹn dúró kó o tó rìn sẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíréèkì á di táyà mú. Ní ti òfin: láti December 2021, ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ mọ́tò lásán lè fa tírélà tó tó 3,500 kílò. Eré máìlì 60 ní wákàtí ni ní motorway, 50 lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, a kò sì gbọ́dọ̀ gba lane ọ̀tún pátápátá lórí motorway oní-lane mẹ́ta. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ níbí máa ń sọ pé kí ìwúwo tírélà tó kún má kọjá ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ọkọ̀ tó ń fà á. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin, àmọ́ fún ọkọ̀ àtijọ́ kó tilẹ̀ kéré sí i.

Ṣẹ́gunOlú (Chicago)

Ẹ ṣé, bàbá. Kí n tún béèrè: ẹnì kan ní òun fẹ́ gbé Airstream lọ sílé, kó máa fà á láti Èkó lọ sí Ọ̀ṣun. Ó ní Airstream ti la Áfíríkà já rí.

Awakọ̀ Àgbà (North Carolina)

Ó là á já lóòótọ́. Wally Byam tó dá Airstream sílẹ̀ kó ọ̀wọ́ tírélà láti Cape Town dé Cairo láàrin ọdún 1959 sí 1960. Àmọ́ ẹ wo fọ́tò wọn dáadáa: pick-up àti ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń fà á. Ẹ ní kí ẹni yẹn kọ́kọ́ ka iye kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà.

AkínLọ́nà (Georgia)

Mo ti rẹ́rìn-ín títí. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀: mo máa gbé ilé sókè, mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ lórí ọ̀pá méjì tó ju. Axle ti wà lójú ọ̀nà. Ìbéèrè méjì ló kù. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òjò ò ní wọlé mọ́ kí n tó dá páànù inú padà? Ti gáàsì ńkọ́, ṣé mo lè lo sítóòfù àtijọ́ yẹn?

Káfíńtà (Ohio)

Ti òjò: ẹ fi téèpù dí gbogbo ihò tó yẹ kó wà, ẹ ki ẹnu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ ewé sí fèrèsé kan, ẹ fi páálí dí àyíká rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á kún inú tírélà. Ẹ wá fi omi ọṣẹ kun gbogbo ojúpọ̀ páànù, rífẹ́ẹ̀tì, fèrèsé àti orí òrùlé láti òde. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni òjò ń gbà. Ẹ fi chalk sàmì sí i. Ọjọ́ kejì, ẹ bu omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má fi silicone dí i. Mo bẹ̀ yín. Kò sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ojú ibi tí silicone bá ti wà, silicone tuntun gan-an kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Polyurethane bíi Sikaflex 221 ni kí ẹ lò.

Ìyá Ìbejì (Maryland)

Ti gáàsì: pààrọ̀ regulator (ohun tó ń dín agbára gáàsì kù) àti gbogbo rọ́bà láìwò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Páìpù bàbà lè ṣì dára, omi ọṣẹ ló máa sọ. Sítóòfù tó mọ́ tí iná rẹ̀ búlúù, ẹ lè máa lò ó pẹ̀lú fèrèsé ṣíṣí. Ẹ̀rọ amúlé-móoru àtijọ́ ni mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi sùn tì, nítorí bí inú rẹ̀ bá ti sán, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ tó ń pani, á wọlé láìní òórùn. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké bó bá gbọ́ ọ, ẹ fi sítòsí bẹ́ẹ̀dì. Fíríìjì oní-gáàsì náà gbọ́dọ̀ dúró pẹrẹsẹ, bí tírélà bá ti dagun kò ní tutù.

Àti táyà! Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT rẹ̀: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì kejì jẹ́ ọdún. Bí ihò ojú rẹ̀ bá jìn bíi tuntun àmọ́ tó ti pé ọdún mẹ́wàá, kò sí táyà níbẹ̀.

AkínLọ́nà (Georgia)

Ọdún 2003 ló wà lára tèmi. Mo ti gbọ́. Ìbéèrè ìkẹyìn, Awakọ̀ Àgbà: hitch, ìkọ́ tí a fi ń fa tírélà. Bọ́ńpà Ford yìí ní bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀.

Awakọ̀ Àgbà (North Carolina)

Yọ bọ́ọ̀lù yẹn lónìí. Bọ́ńpà kò fa ohunkóhun. Ford yẹn ní irin abẹ́ tó dá dúró, ní kí wẹ́dà rẹ so receiver, ihò irin tí hitch ń wọ̀, mọ́ ọn, kó gba inú irin méjèèjì, kì í ṣe páànù butù. Wo bí ihò coupler, ẹnu tírélà tó ń bo bọ́ọ̀lù, ṣe fẹ̀ kó o tó ra bọ́ọ̀lù, nítorí ínǹṣì 2 wà, 2 5/16 sì wà. Èyí tó kéré lè wọ inú èyí tó tóbi, á sì fò jáde lórí gegele. Ṣéènì méjì, kó kọjá ara wọn lábẹ́ ọ̀pá. Breakaway switch tó ń fi bátìrì tírélà di bíréèkì bí ó bá já sílẹ̀.

Ìwúwo tó wà lórí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà. Bó bá kéré sí i, á máa jùrù. Nítorí náà má kó gbogbo ẹrù sí ẹ̀yìn. Ra weight distribution hitch, ọ̀pá méjì rẹ̀ ló máa dá ìwúwo padà sí táyà iwájú Ford, àmọ́ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó le jù fún ọ. Ọ̀pá tí wọ́n ṣe fún tírélà ńlá á ti gbogbo agbára rẹ̀ bọ irin Caravel, á sì tún já rífẹ́ẹ̀tì tí Bàbá Páànù ń sọ.

Nígbà tó o bá ti di ẹrù sí i bí ìgbà tí ẹ ń lọ gan-an, omi nínú táǹkì, gáàsì kún, lọ sí CAT scale, ìwọ̀n ńlá fún ọkọ̀, ní ibi tí àwọn onítírélà ńlá ti ń ra epo. Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: Ford nìkan pẹ̀lú gbogbo ìdílé nínú rẹ̀, Ford pẹ̀lú tírélà láìfi ọ̀pá hitch sí i, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ọ̀pá. Yọ ìwúwo àkọ́kọ́ kúrò nínú ìwúwo axle méjì ti Ford ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ohun tó kù ló wà lórí bọ́ọ̀lù. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta á sọ bóyá iwájú Ford ti padà síbi tó wà. Ya fọ́tò ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gbé wọn síbí ká jọ wò ó kó o tó yan ọ̀pá.